Ọkọ Ń Bẹ ní Làìbéríà, Ìyàwó Ń Bẹ ní Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ lórí mínbárì, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn tí wọ́n ń kírun lẹ́yìn wa.

Ilé-kéú tí mo jogún lọ́wọ́ olùkọ́ mi kò jìnnà sí bárékè Ọ̀wẹnà ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn sójà tí ń yin àgbá wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Làìbéríà ní ọdún 1990, ọmọ kéú ni èmi ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé díẹ̀ tí mo kà ní ilé-ìwé girama sọ mí di akọ̀wé fún àwọn ìyàwó sójà. Èmi ni mo ń bá wọn ka lẹ́tà, èmi náà ni mo ń bá wọn kọ èsì. Fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kò yé wá.

Ní ọdún 2005, nígbà tí àwọn sójà wa ti wà ní Làìbéríà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, obìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Aṣọ àǹkárá ni ó ń tà ní Ọjà Ọba. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ Òde Oǹdó, ti lo oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ó ní, “Ààfáà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọkùnrin lè fi iṣẹ́ sójà kọ obìnrin sílẹ̀ láìwí?”

Mo ní kí ó jókòó. Ó ní ọkọ òun ń pe òun, ó sì ń béèrè àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ owó rí. Òun náà kò béèrè, kí ọkàn ọkọ òun má baà dàrú ní ilẹ̀ àjèjì. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta àti owó oúnjẹ, inú ọjà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí mo ń wí: èrè ti tán, ojú owó ni ó ń jẹ. Ẹni tí ń fún un ní aṣọ láwìn sì ti ń wò ó ní ìwòkuwò.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò, ó di Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbà mí tayọ̀tayọ̀, ó sì mú mi lọ wo ilé tí àbúrò rẹ̀ ń kọ́. Búlọ́ọ̀kù ti dé ojú fèrèsé. Gbogbo owó tí ọkọ bá fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni ó ń bọ́ sí. Ó ní, “Ààfáà, kò ní kí n fún ìyàwó ní nǹkan. Ó ní ìyàwó òun ní ọjà.” Kò purọ́, kò sì jalè. Olóòótọ́ ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ebi ń pa ọmọ.

Mo wí fún un pé Ìsìláàmù kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn. Oúnjẹ aya, aṣọ rẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀, ọrùn ọkọ ni ó wà, ìbáà jẹ́ pé aya lówó ju ọkọ lọ. Ọjà rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ìrìn-àjò kò sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ìtàn Sẹ́yídínà Umar kì í ṣe tuntun sí yín: bí ó ti ń rìn káàkiri Mọ̀dínà lóru, tí ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ń dárò ọkọ rẹ̀ tí ó wà lójú ogun, tí ó sì lọ bi Hafsat ọmọ rẹ̀ pé oṣù mélòó ni obìnrin lè fara da àìrí ọkọ. Àwọn kan gbà á wá pé oṣù mẹ́rin ni ó dáhùn, àwọn mìíràn ní mẹ́fà. Umar sì pàṣẹ pé kí a má ṣe dá ọmọ ogun dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó ń bá Páṣíà àti Róòmù jagun ráyè ro ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀. Àwọn sójà tiwa máa ń lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì gbà wọ́n láàyè láti mú ìyàwó dání.

Nígbà tí mo bá ọkọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé káàdì mi ti tán. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé òun fẹ́ kí ilé náà bá ìyàwó òun lójijì ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí oúnjẹ bá a lójijì ná. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́ sí mi. Láti oṣù náà ni ó ti ń pín owó sí ọ̀nà méjì, tí ó sì ń sọ iye rẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àwẹ̀ Ramadan dé, àkókò ìṣínu ni ó máa ń pè é. Bí òòrùn bá wọ̀ ní Àkúrẹ́, ó ku bíi wákàtí kan kí ó tó wọ̀ ní Monrovia. Nítorí náà, ìyàwó a máa mu omi, ọkọ tí òùngbẹ ń gbẹ a sì máa gbọ́ ọ. Ìyàwó ni ó sọ èyí fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ nìkan ni ó lè jẹ́ kí owó ilé há sọ́nà. Ìjọba ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń san owó àwọn sójà wọ̀nyí fún, kí ìjọba tó san án fún sójà. Ní oṣù Júláì ọdún 2008, àwọn sójà tí wọ́n ti Làìbéríà dé tú sí ìgboro Àkúrẹ́, wọ́n ní owó àjẹmọ́nú àwọn kò pé. Ilé-ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ fún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ní Éprìlì 2009, ẹ̀wọ̀n gbére ni; nígbà tí ó yá a sọ ọ́ di ọdún méje. Èmi kò ní ti sójà lẹ́yìn láti kọ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀, nítorí ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Ànábì wa kò fẹ́ kí owó alágbàṣe pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ìyàwó tí ń retí owó wá di ẹni tí ń retí ọkọ láti ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan wá tọrọ àdúà lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a sì ṣe é fún wọn.

Ọkọ oníàǹkárá kò sí nínú wọn. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ilé Oǹdó sì ti parí, ó ń gbé inú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ bá a lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, yóò ti wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba.