Láti Òrùlé dé Òrùlé ní Oko Bàbá

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gun àkàsọ̀ dé orí ṣọ́ọ̀bù onípákó kan ní Oko Bàbá, Èbúté Mẹ́ta. Páànù ti gbóná débi pé mi ò lè dúró sójú kan. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi ń han goorogo, lẹ́búlẹ́bú igi ń kó sí wa nímú, èéfín sì dà pọ̀ mọ́ òórùn ọ̀sà níbi tí àwọn ìtì igi ti léfòó jọ bí ẹni tẹ́ ẹní sójú omi.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ọ́fíìsì kan ní apá Adékúnlé. Mítà 800 ni láti ṣọ́ọ̀bù dé ibẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́hùn-ún, kò sí níbí. Akọ̀wé wọn ló ń fẹsẹ̀ gbé ìwé ọjà lọ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yìí wá fi rédíò so ibi méjèèjì pọ̀.

Láàárín àwọn táńkì omi, mo rí òpó tí wọ́n ti rì sí òdìkejì. Mo ní iṣẹ́ ti bùṣe nìyẹn.

“Ẹ̀yin rí i, ọ̀gá. Rédíò ò tíì rí i,” ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn.

Ó ní ọ̀nà tí rédíò ń gbà dà bí ọkọ̀ àjẹ̀: ó ṣóńṣó lórí, ó ṣóńṣó ní ìdí, ó fẹ̀ láàárín. Ní 5.8 GHz, àárín ọ̀nà tiwọn yìí ń fẹ́ mítà mẹ́ta àti díẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Igi máńgòrò kan ti yọrí sí i. Ní ọdún 2007, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ermanno Pietrosemoli fi irú rédíò báyìí dé kìlómítà 382 ní Venezuela, láti orí òkè dé orí òkè, tí ohunkóhun kò dí i. Ewé máńgòrò ló fẹ́ da mítà 800 rú.

Wọ́n fi irin kún òpó. Ọ̀kan lọ sí Adékúnlé. Èyí tó kù di fóònù mú létí, ó ń fi sípánà yí abọ́ rédíò díẹ̀díẹ̀, òógùn ń kán sórí páànù. Wọ́n ń ka agbára rédíò tó ń wọlé: −81. −74. Ó kọjá ibi tó dára, ó dá a padà. −58. Èyí tó bá sún mọ́ òdo ló dára. Ó dè é pinpin.

Wọ́n fi waya bàbà so òpó mọ́lẹ̀ nítorí àrá, a sì sọ̀ kalẹ̀. Agogo méjì kù díẹ̀, ìyá ń ka iye pákó tí wọ́n tà lórí kọ̀ǹpútà ní Adékúnlé, akọ̀wé jókòó sí Oko Bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun òrùlé méjèèjì wò kí ẹ tó náwó.