Ta ni yóò tọ́jú ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn?

Bí àìsàn ńlá bá wọ ilé, aláìsàn ni gbogbo ẹbí máa ń béèrè. Ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń gbé e dìde, tó ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń pè ní garde-malade, kì í sábà rí ẹni béèrè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá ẹni tí èèyàn rẹ̀ ní kókó nínú ọpọlọ.

Kí ni kókó inú ọpọlọ?

Oríṣi rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti kà lé ní 100. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Àwọn kan ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì lè yọ wọ́n kúrò. Àwọn mìíràn ń yára dàgbà, wọ́n sì burú gan-an. Agbárí kò lè fẹ̀ sí i, nítorí náà bí kókó bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ló ń fún ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń fa orí fífọ́ tí kì í lọ, tó sì máa ń le jù ní òwúrọ̀, èébì, ojú tó ń ṣú, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó ń rọ, àti wárápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà. Orí fífọ́ nìkan kì í sábà jẹ́ kókó. Ṣùgbọ́n bí àwọn àmì yìí bá ń pọ̀ sí i, ẹ lọ rí dókítà. Àwòrán inú orí, scanner tàbí IRM, ló ń fi kókó hàn. Àìsàn yìí kì í ràn, ẹ má sá fún aláìsàn.

Nígbà tí ìwà bá yí padà

Kókó lè wà níbi tí ọpọlọ ti ń ṣàkóso ìwà, ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìrántí. Ọkọ tó jẹ́ onísùúrù á wá máa jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyá tí kì í ṣi owó kà lọ́jà á wá máa ṣì í kà. Àwọn ará ilé á ní ó ti ya òǹrorò, tàbí pé ayé ló ṣe é. Àìsàn ló fà á. Ẹni tó bá mọ èyí, ìbínú rẹ̀ á rọ̀, ìjà á sì dín kù nínú ilé.

Bí wárápá bá mú aláìsàn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì rọ omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ wo aago: bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Òògùn irú cortisone, tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, a kì í dédé dá a dúró. Bí owó rẹ̀ bá fẹ́ tán, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́

Ní 1973, ìyá méjì ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àìsàn yìí. Ẹgbẹ́ náà, American Brain Tumor Association, ń fi fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ran àwọn aláìsàn àti olùtọ́jú lọ́wọ́ títí di òní. Ní Paris, ẹgbẹ́ ARTC ń ṣe irú rẹ̀ ní èdè Faransé.

Ẹ̀yin náà lè ṣe tiyín láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ̀wé: ohùn lásán tó lórí WhatsApp. Ẹ kó ọmọ tó wà ní Kútọnu, àbúrò tó wà ní Èkó àti àwọn ará ilé jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Kí ẹnì kan máa ròyìn ara aláìsàn ní alaalẹ́, kí olùtọ́jú má baà dáhùn ìpè ogún lójúmọ́. Kí ẹnì kan máa gba owó, kó sì sọ iye sefa tó wọlé àti iye tó jáde. Kí wọ́n pín ọjọ́ ìtọ́jú láàárín ara wọn. Bí ẹ bá rí ẹbí mìíràn tó ti la irú rẹ̀ kọjá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ti rin ọ̀nà ló mọ ibi tí kòtò wà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ní egbòogi òun á yọ́ kókó lọ́jọ́ 7, owó yín ló ń wá. Ẹ má fi àwòrán aláìsàn ránṣẹ́ káàkiri. Ẹ má sì yí òògùn padà nítorí ohùn tí ẹ gbọ́ lórí fóònù. Dókítà ni kí ẹ bi.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un, ẹ bá a jókòó ti aláìsàn ní ọjọ́ ọjà kan, kó lè rí ọjà rẹ̀ tà, kó sì rí oorun sùn.