Aláìmẹ́ǹtì táyà iwájú Peugeot 504

Aláìmẹ́ǹtì ni orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ ní Nàìjíríà ń pe títo táyà ọkọ̀ kí wọ́n lè kọjú síbi kan náà, kí ọkọ̀ má sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Peugeot 504, tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí iṣẹ́ yìí kàn jù. Ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ó sì di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ ẹbí àti ọkọ̀ akérò. Ní ìlú bí Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo, 504 tó bá ń já sí kòtò lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kí táyà rẹ̀ tó yẹ̀.

Àwọn igun mẹ́ta

Èkíní ni toe, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí iwájú táyà méjèèjì ṣe jìnnà síra àti bí ẹ̀yìn wọn ṣe jìnnà síra. Nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, bíi 504, ojú ọ̀nà máa ń fẹ́ ṣí iwájú àwọn táyà iwájú síta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí iwájú wọn súnmọ́ra ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Èkejì ni camber, bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta. Ẹ̀kẹta, caster, ló ń mú sítíárìn padà sáàárín lẹ́yìn kọ́nà, gẹ́gẹ́ bí fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ tó fì sẹ́yìn ṣe ń mú kẹ̀kẹ́ lọ tààrà. Toe ni wọ́n máa ń yí lemọ́lemọ́. Bí camber ọ̀tún bá yàtọ̀ gan-an sí ti òsì, nǹkan kan ló ti tẹ̀ tàbí gbó, yíyí toe kò sì lè tún un ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Afẹ́fẹ́ táyà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bẹ́árìn, bọ́ọ̀ṣì àti orí tairọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá to táyà sórí ẹ̀yà tó ń mì, asán ló ṣe, nítorí ìwọ̀n tó rí nígbà tí ọkọ̀ dúró kọ́ ni ọkọ̀ yóò bá rìn.

Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹfun ìkọ̀wé àti téèpù ìwọ̀n tó. Wọ́n á fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, wọ́n á máa yí táyà, wọ́n á sì fi ẹfun fa ìlà yí i ká. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n á tì í síwájú díẹ̀, sítíárìn á sì wà láàárín. Wọ́n á wọn àlàfo ìlà méjèèjì níwájú, ní ọ̀gangan àárín táyà, wọ́n á sàmì síbẹ̀. Wọ́n á wá ti ọkọ̀ síwájú títí àmì yóò fi dé ẹ̀yìn, wọ́n á sì tún un wọ̀n. Títì yìí kì í jẹ́ kí rímù tó wọ́ tan ènìyàn jẹ. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni toe.

Láti yí i, wọ́n á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó di tairọ́ọ̀dù mú, wọ́n á yí ọ̀tún àti òsì ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á sì dì í padà gírígírí. Bí wọ́n bá yí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ lè lọ tààrà, ṣùgbọ́n sítíárìn yóò wọ́.

Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Nítorí pé ojú títì máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi òjò lè ṣàn lọ, kí ọkọ̀ rọra fà sọ́tùn-ún kì í ṣe àìsàn.

Ohun tí táyà ń sọ

Toe tí kò dára máa ń jẹ ojú táyà bí eyín ayùn. Camber máa ń jẹ etí kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tó kéré máa ń jẹ etí méjèèjì. Táyà tó jẹ báyìí wọ́n láti pààrọ̀: Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló wá ń ra tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n àmì ara táyà tòkunbọ̀ lè jẹ́ ti ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó ní òkè òkun, nítorí náà téèpù ni kí mẹkáníìkì gbà gbọ́ níbẹ̀.