Bí A Ti Í Yọ Eyín Alátọ̀gbẹ àti Ẹni tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òtítọ́ òwe yìí hàn sí mi ní ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, nígbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí a ti jókòó, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

Oníṣègùn bèèrè pé, "Ìyá, kí ni ẹ jẹ ní òwúrọ̀ yìí?"

Wọ́n dáhùn pé, "N kò jẹ nǹkan kan, ọmọ mi. Mo ṣáà lo oògùn àtọ̀gbẹ mi."

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó ti lọ sílẹ̀ jù. Omi ṣúgà ni ó mú wọn bọ̀ sípò, a kò sì yọ eyín ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni àwọn ará ìlú ń wá ìmọ̀ràn sí, ó yẹ kí a mọ ọ̀ràn yìí.

Èkíní ni àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, egbò kì í tètè jinná, kòkòrò àrùn a sì máa gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá kéré jù, ènìyàn lè dákú. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn ṣúgà ṣáájú: bí kò bá tó 70 mg/dL, a ó kọ́kọ́ fún aláìsàn ní ohun dídùn. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun tí ó sì ti lo oògùn rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀; nítorí abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú ni a ó gún un, a kò ní í mú un sùn.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí aláìsàn sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tó 180/110, ọ̀pọ̀ oníṣègùn a máa sún iṣẹ́ náà síwájú, àfi bí ọ̀ràn bá le. Oògùn kan wà nínú abẹ́rẹ́ náà tí a ń pè ní adrẹnalíìnì. Ó ń mú kí ẹnu pẹ́ ní kíkú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọkàn máa sáré. Ìwọ̀nba ni a ń lò. Síbẹ̀, ẹnu gbọ́dọ̀ kú dáadáa, nítorí ìrora àti ìbẹ̀rù pàápàá a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru. Kí aláìsàn má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Lẹ́yìn náà, kí ó dìde jẹ́jẹ́ lórí àga kí òòyì má baà kọ́ ọ. Kí ó fi eyín di òwú mú fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó má sì yọ ẹnu ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, kí ó máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ọ́. Parasẹ́támọ̀ ni ó sàn fún ìrora rẹ̀, nítorí irú oògùn bí ibuprofen lè mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Nígbà tí a padà lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti jẹun, wọ́n sì ka gbogbo oògùn wọn fún oníṣègùn láìfi ọ̀kan pamọ́. Eyín náà jáde ní ìrọ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ènìyàn wa láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu fún oníṣègùn.