Àká Inú Ọpọlọ Kòkòrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ti yá kì í pẹ́ mọ́. Òwe yìí bá iṣẹ́ ọpọlọ kòkòrò mu púpọ̀. Kókó ìjíròrò yìí ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ kòkòrò ṣe ń pèsè họ́móònù, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, tí wọn kì í sì í tú u jáde títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó.

Ọ̀nà méjì ni ara ń gbà rán iṣẹ́. Èkíní ni ti iṣan ìmọ̀lára, tí ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo létí. Èkejì ni ti họ́móònù, èròjà tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara. Èyí dà bí akéde tí ń lu agogo yí ìlú ká: gbogbo ilé ni ohùn rẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò dìde. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ èkíní nìkan ni ti ọpọlọ.

Stefan Kopeć, ará Poland, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1917 àti 1922, ó yọ ọpọlọ kúrò lára ìdin àfòpiná tí ń jẹ ewé igi. Àwọn tí ó tètè yọ ọpọlọ wọn kò lè para dà mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yọ tiwọn nígbà tí ó ti tó nǹkan bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ awọ kẹ́yìn para dà láìní ọpọlọ. Nígbà tí ó sì gé okùn iṣan wọn, tí ó fi ọpọlọ sílẹ̀, ìparadà kò dúró. Ó hàn gbangba nígbà náà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ń gbà.

Níbo, nígbà náà, ni èròjà yìí ń gbé kí ó tó jáde? Ní 1928, Ernst Scharrer ti sọ ní Jámánì pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ ẹja ń pèsè èròjà tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò gbà á gbọ́. Ní 1937, òun àti ìyàwó rẹ̀, Berta, ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí Berta ti ń ṣe ìwádìí lára aáyán. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1952, ó gé iṣan tí ó so ọpọlọ aáyán pọ̀ mọ́ ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní corpora cardiaca. Bí odò tí a sé, èròjà náà ṣù jọ sí ìhà ọpọlọ. Ó sì dínkù púpọ̀ ní ìhà kejì. Ọpọlọ, nígbà náà, ni oko. Ẹ̀yà ara méjì wọ̀nyí ni àká.

Bí iṣẹ́ àká náà ṣe ń lọ nìyí. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń ṣe họ́móònù, tí a sì ń dì í sínú àpò wínníwínní tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Àwọn àpò yìí ń gba inú okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yọ lára sẹ́ẹ̀lì lọ sí ìparí rẹ̀, wọ́n sì ń dúró níbẹ̀. Nígbà tí àmì iná mànàmáná bá ti inú okùn náà dé, ojú ọ̀nà ṣí fún kálísíọ̀mù láti wọlé. Awọ àpò yóò lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, yóò ṣí, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àmì kò bá dé, àpò kò ní ṣí bó ti yẹ. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ létí, òun náà ni ó sì ń lu agogo.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ kòkòrò. Ní 1944, tọkọtaya Scharrer fi ètò náà wé ti àwọn ẹ̀dá tí ó ní eegun ẹ̀yìn, wọ́n sì rí i pé wọ́n jọra. Èròjà tí ń mú kí omi ọyàn sun, inú ọpọlọ ìyá ni a ti ń ṣe é. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni a ń kó o pamọ́ sí. Bí ọmọ bá fi ẹnu kan ọmú, àmì ti dé, àká ṣí. Ohun tí aáyán fi kọ́ni nìyí, tí ó sì dé ẹsẹ̀ ìyá tí ó gbé ọmọ lé itan.