Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Kì í Ṣe Ti Ọ̀mùtí Nìkan

Ìyá kan tí kì í fẹnu kan ẹmu tàbí bíà wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì pẹ̀lú omijé. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá ń bi í pé níbo ni ó ti ń mutí. Mo ní kí ó pe bàbá náà wá.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìtọ̀ ṣúgà àti ara sísanjù pẹ̀lú a máa kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀ níbẹ̀, a máa bàjẹ́ bí òróró tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ nínú ìgò. Oró tí ó ń ti ibẹ̀ jáde a lẹ̀ mọ́ àwọn púrótéènì, èyí tí í ṣe òṣìṣẹ́ inú ẹ̀dọ̀, wọn kò sì ní lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní dun ènìyàn rárá. Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó wọn 100 kílò, bí ó bá rọra dín kílò 7 sí 10 kù, ọ̀rá náà yóò fà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ìyá yìí ń mu (ọtí tirẹ̀ nìyẹn!), mo ní kí ó fi omi rọ́pò rẹ̀, kí ó dín òkèlè kù, kí ó sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Mo ní kí ó da àgbo tí ó rà nù, nítorí àgbo mìíràn a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Bàbá kò fọhùn. Òun ni ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ.