Eré Ìdárayá fún Ẹni tí Ẹ̀dọ̀fóró Ń Dà Láàmú

Èédú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé fi ń dáná ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mílímítà 4,000 lọ. Bí ó bá sì ti ń rọ̀, a ó gbé àdògán wọ abẹ́ òrùlé, èéfín a sì bá ẹni tí ń se oúnjẹ gbé ibẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń dáná bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọmọdé ti fa èéfín púpọ̀ símú kí ó tó di ìyá àgbà. Irú iṣẹ́ ibi kan náà ni sìgá ń ṣe. Ikọ́ ife pẹ̀lú lè fi àpá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn tí oògùn bá ti wò ó sàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àìsàn tí ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀ pa ju 3,000,000 ènìyàn lọ ní ọdún 2019. Oògùn a máa la ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti bàjẹ́ padà sí ipò rẹ̀. Kí ni ó wá kù tí a lè ṣe? Ìdáhùn àwọn oníṣègùn lè ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: kí aláìsàn náà máa rìn.

Ẹni tí ó bá ń mí gúlegúle nígbà tí ó gun àtẹ̀gùn a máa bẹ̀rù àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ìfẹ́, a gba korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a ní, “Ìyá, ẹ jókòó.” Ìyá a sì jókòó. Ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò a máa rọ, iṣan tí ó bá sì ti rọ a máa béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀ fún iṣẹ́ kékeré. Nígbà tí ó bá ṣe, ìrìn láti iyàrá dé ẹnu ọ̀nà a di ìjàkadì. Ẹ̀dọ̀fóró lè má burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni ó di aláìlágbára. Bí a bá fún ẹsẹ̀ lágbára padà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ń wọlé yóò tó fún iṣẹ́ tí ó pọ̀ sí i.

Ètò náà a máa gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, a ó sì wọn bí ó ti lè rìn jìnnà tó ní ìṣẹ́jú 6. Lẹ́yìn náà ni yóò máa rìn, tí yóò máa dìde lórí àga tí yóò sì tún jókòó, tí yóò máa gbé ohun tí kò wúwo sókè. A ó kọ́ ọ láti fi imú fa èémí, kí ó sì ká ètè jọ láti fẹ́ ẹ jáde, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Yóò máa fi nọ́ńbà sọ bí èémí ti ń ni ín lára tó, láti 0 dé 10; bí ó bá wà ní 3 tàbí 4, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Alábòójútó ṣe pàtàkì, nítorí pé ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe tó, ìgbójú a sì máa mú ẹlòmíràn ṣe jù. Bí àyà bá ń dunni, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ni, a gbọ́dọ̀ dúró kí a sì wá dókítà.

Níbo ni a ó ti ṣe é? Ilé ìwòsàn ńlá John F. Kennedy, tí a ṣí ní ọdún 1971, wà ní Sinkor. Ẹni tí ń gbé Paynesville yóò wọ ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò sì sanwó àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí kò rọrùn fún ẹni tí kò lè mí dáadáa.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, láti Melbourne ní Ọsirélíà, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ènìyàn 166 ni ó kópa nínú rẹ̀. Apá kan ń lọ sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ 8. Ní ti apá kejì, olùtọ́jú lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ètò parí, àwọn ará ilé kò rẹ̀yìn sí àwọn tí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní náà ti lọ lára apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá jáwọ́ ń padà síbi tí ó ti wá.

Ìbẹ̀wò láti ilé dé ilé kì í ṣe ohun àjèjì ní Làìbéríà. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé ètò kalẹ̀ láti máa sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń bẹ àwọn ìletò tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn wò. Bí a bá kọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ yìí, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà onímọ̀, kí ó bẹ aláìsàn wò ní Monrovia kí ó sì máa fi tẹlifóònù tọ́ ọ sọ́nà, ohun èlò rẹ̀ kò ju àga kan, ike omi méjì àti ọ̀nà tí ó tẹ́jú lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Monrovia nìkan; igi ìdáná àti èédú wà ní ilé tiwa náà. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ fi ètò yìí kún ìtọ́jú ikọ́ ife, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí oògùn tán ni ìtọ́jú tán. Ó sì yẹ kí ọmọ tí ó ní kí ìyá rẹ̀ jókòó, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà lónìí, kí wọ́n sì kọjá ibẹ̀ lọ́la.